Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ọrọ̀ Ajé

Ẹ̀yin àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Púpọ̀ nínú yín ló kọ́ mi níwèé, ẹni méjì nínú yín ló sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Mi ò gbàgbé oore náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ṣèpàdé ìparí ọdún, ẹ ò dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí gbangba, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ lè bá wa gbọ́ ọ.

Ohun mẹ́ta lẹ fẹnu kò sí níbi ìpàdé náà. Ẹ pa kọ́ọ̀sì méjì rẹ́: ìtàn èrò àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, àti kọ́ọ̀sì àṣàyàn lórí ìlànà Karl Marx tí mo ti ń kọ́ fún ọdún mẹ́fà. Ẹ gbé orúkọ àwọn jọ́nà kan kalẹ̀, ẹ ní iṣẹ́ ìwádìí tí kò bá jáde nínú wọn, asán ni nígbà tí olùkọ́ bá ń wá ìgbéga. Ẹ sì kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ìkàwé wa pé kí á kó ẹrù wa kúrò nínú yàrá kékeré tí à ń lò nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé yín, ojú ewé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Wọ́n ń já okùn tó so àwa tí a ò tọ ojú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń tọ̀ pọ̀, àwa tí wọ́n ń pè ní heterodox, kí kálukú wa lè máa dá rìn títí ìrìn á fi sú u.

Mi ò ní kí ẹ gba Marx gbọ́. Bí ẹ bá kà á tí ẹ sì já a nírọ́, inú mi á dùn, torí pé ẹ óò ti kà á. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn tètè yé àwa tí ọjà jẹ́ iṣẹ́ wa ju ẹnikẹ́ni lọ.

1. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ọkùnrin náà gan-an. Nínú ìdìpọ̀ kejì ìwé ńlá rẹ̀ lórí owó okòwò, Das Kapital, èyí tí Engels tẹ̀ jáde ní 1885 lẹ́yìn ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀, Marx ya àtẹ kan. Ó pín iṣẹ́ àwùjọ sí apá méjì: apá kan ń ṣe irinṣẹ́ àti ohun èlò iṣẹ́, apá kejì ń ṣe ohun tí èèyàn fi ń gbé ayé. Ó wá bèèrè pé kí ni apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rà lọ́wọ́ èkejì kí iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ tó lè rí bíi tọdún yìí. Ẹ̀rọ tó bá gbó gbọ́dọ̀ ní arọ́pò. Òṣìṣẹ́ tó rẹ̀ lálẹ́ gbọ́dọ̀ lè padà wá láàárọ̀. Bí a bá fo ẹyọ kan nínú àtẹ náà, iṣẹ́ ò ní í dúró lójijì. Á kàn máa dínkù díẹ̀díẹ̀ ni, títí ẹnikẹ́ni ò fi ní í rántí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ẹ fi àtẹ yẹn wo ẹ̀ka wa. Kọ́ọ̀sì ló ń bí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa fẹ́ ṣèwádìí. Akẹ́kọ̀ọ́ nílò alábòójútó. Alábòójútó nílò ìgbéga kó má baà kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ìgbéga dúró lórí jọ́nà. Jọ́nà dúró lórí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni àwọn yẹn náà nígbà kan rí, nínú irú kọ́ọ̀sì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa rẹ́. Ẹ ò lé ẹnì kankan lọ, mo gbà. Ẹ kàn ti ṣètò rẹ̀ pé nígbà tí àwa mẹ́ta tó ṣẹ́ kù bá fẹ̀yìn tì, kò ní í sẹ́ni tó máa jókòó sórí àga wa.

2. Ìdí tí ẹ kọ sílẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń forúkọ sílẹ̀ ò pọ̀. Òótọ́ ni, mẹ́rìnlá ni wọ́n lọ́dún tó kọjá. Ohun tí ẹ ò kọ síbẹ̀ ni pé ọdún mẹ́ta ṣáájú, mọ́kànlélógójì ni wọ́n, àti pé láàárín ìgbà náà ni wọ́n gbé kọ́ọ̀sì ọ̀hún lọ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, níbi tó ti forí gbárí pẹ̀lú kọ́ọ̀sì ọ̀ranyàn kan. Ta ló máa pa ọ̀ranyàn tì wá sí àṣàyàn? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹni tó mú idà dání ló fa orí fífọ́ náà.

Bí ẹ bá rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò fẹ́ irú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ wo ohun tí wọ́n ti ṣe níbòmíràn. Ní 2000, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé ní Paris kọ lẹ́tà ṣíṣí bíi tèmi yìí, wọ́n ní ìṣirò tí kò kan ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé ti sú àwọn. Ní oṣù kọkànlá 2011, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard kan dìde níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gregory Mankiw, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wọn ní ọrọ̀ ajé ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n bọ́ síta. Lọ́dún kejì, àwọn ti Manchester dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti bèèrè ìdí tí ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ò fi yí padà lẹ́yìn tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ti dojú ayé dé. Nígbà tó fi máa di 2014, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 40 láti orílẹ̀-èdè 19 ti jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ní ju èrò kan lọ. Olùkọ́ ò rán wọn. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu.

3. Ẹnì kan nínú yín sọ níbi ìpàdé náà pé ẹ̀sìn là ń ṣe, pé ohun tí à ń kọ́ kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í.

Gbogbo wa là ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní pé ohun tí ilé iṣẹ́ ń mú jáde dúró lórí òṣìṣẹ́ àti owó okòwò, L àti K, pé èrè sì jẹ́ ẹ̀san ohun tí K fi kún iṣẹ́. Ó dáa. Báwo la ṣe ń wọn K? Ọkọ̀ akẹ́rù, kọ̀ǹpútà, ilé, ẹ̀rọ ìhunṣọ: kò sí ìwọ̀n tí a lè gbé gbogbo wọn lé. Iye owó wọn la máa ń ṣírò pọ̀. Ṣùgbọ́n iye owó ẹ̀rọ kan ò ṣeé mọ̀ láìjẹ́ pé a ti mọ ìdá èrè, ìyẹn iye èrè tí owó okòwò ń mú wá lọ́jà. Ìyẹn ni pé a ní láti mọ èrè ká tó mọ K, bẹ́ẹ̀ K yìí náà la ní ó máa ṣàlàyé èrè fún wa. Joan Robinson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìbéèrè yìí kíkankíkan ní àwọn ọdún 1950. Piero Sraffa, tí òun náà wà níbẹ̀, gbé e síwájú ní 1960. Àwọn ti Cambridge kejì, ìyẹn ti Massachusetts, bá wọn fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1966, Paul Samuelson, àgbà nínú àwọn ti Massachusetts, fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òótọ́ ni: ọ̀nà ìṣiṣẹ́ kan lè jẹ́ èyí tó dáa jù nígbà tí ìdá èrè kéré, kí òmíràn gbapò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ti àkọ́kọ́ sì tún padà wá nígbà tí ìdá èrè bá ga. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìtàn tí à ń sọ fún àwọn ọmọ pé bí ìdá èrè bá ti ń relẹ̀ ni ilé iṣẹ́ á máa lo K púpọ̀ sí i, kì í fi gbogbo ìgbà dúró. Samuelson gbà. Ìwé ọdún kìíní wa ò tíì gbà.

Ẹ̀rí kejì ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni. Ní 1974, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Anwar Shaikh, to àwọn àmì sórí gíráàfù lọ́nà tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá wò wọ́n, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló máa kà: HUMBUG. Ẹ̀tàn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó kó àwọn nọ́ńbà yẹn sínú ìdọ́gba Cobb-Douglas tí gbogbo ayé ń lò láti fi ṣàlàyé bí L àti K ṣe ń di ọjà, ìdọ́gba náà sì bá wọn mu rẹ́gí. Kò sí ilé iṣẹ́ láyé tí iṣẹ́ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ó bá a mu ni pé níwọ̀n ìgbà tí ìpín òṣìṣẹ́ àti ìpín èrè nínú owó tó ń wọlé ò bá yí padà, ìdọ́gba yẹn ò ṣe ju kó tún ìṣirò owó kan náà sọ lọ́nà mìíràn. Mo máa ń jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara wọn tẹ àwọn nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá, tí kì í fọhùn, wo èsì tó jáde. Ó wo gíráàfù, ó tún padà wo èsì, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá wa, ṣé àwọn tó kọ́ wa lọ́dún kìíní mọ èyí?” Mi ò rí èsì kankan fún un tí kò ní í tàbùkù yín.

Ní ti Marx, ẹ̀sìn wo ló ń gbé ẹ̀rí rẹ̀ ka ìwé àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba? Ẹ ṣí orí tó sọ nípa ọjọ́ iṣẹ́ nínú ìdìpọ̀ kìíní. Ìjábọ̀ àwọn aṣàyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kún ibẹ̀ bámúbámú: wákàtí tí ọmọdé fi ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú tí ọ̀gá jí lára àkókò oúnjẹ, ìṣẹ́jú tí wọ́n fi tètè tan ẹ̀rọ láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí à ń gbóríyìn fún nínú ẹ̀ka yìí lónìí ò súnmọ́ ilé iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá sì rèé, àgbà òṣìkà ni. Ẹ ò tíì gbọ́ ẹnu ẹnì kejì kí ẹ tó dá ẹjọ́.

4. Lórí ìdàrúdàpọ̀ owó tó gba ayé kan ní 2008, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀, ó ṣojú gbogbo wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Ọbabìnrin Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n London School of Economics léèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi rí i kó tó dé. Oṣù keje 2009 ni àwọn onímọ̀ tó kó ara wọn jọ ní British Academy, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fèsì sí i. Wọ́n gbà pé ọlọ́gbọ́n pọ̀ nínú àwọn, àmọ́ àwọn ò ro ewu náà já gẹ́gẹ́ bí odindi. Hyman Minsky, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà, ti rò ó já. Ó ti kọ ọ́ tipẹ́ pé ìgbà tí ara bá tu àwọn ayánilówó gan-an ni wọ́n ń fa ewu wọlé. Ó kú ní 1996, ó sì di ọdún bíi mọ́kànlá lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí àwọn oníròyìn tó gbé orúkọ rẹ̀ sókè. Nínú ẹ̀ka wa, kọ́ọ̀sì ìtàn èrò nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ orúkọ náà. Òun náà lẹ pa rẹ́.

5. Ó wá kan àkójọ jọ́nà yín. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo rò pé òun ló burú jù, torí pé ó jọ ohun tí kò ní ojúsàájú nínú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Láti 1986 ni wọ́n ti ń fún iṣẹ́ ìwádìí àwọn fásitì ní máàkì níbẹ̀, owó ìjọba sì ń tẹ̀lé máàkì. Ní òpin àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí méjì, Frederic Lee àti Sandra Harley, fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: àwọn ẹ̀ka ọrọ̀ ajé bẹ̀rẹ̀ sí í fi jọ́nà péréte kan ṣe òṣùwọ̀n ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́, àwọn tí kì í kọ irú ohun tí jọ́nà wọ̀nyẹn ń gbà sì ń dínkù. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ pé kí wọ́n lé ọmọlẹ́yìn Marx. Àkójọ náà ti ṣe iṣẹ́ yẹn fún wọn.

Ẹ ní àwọn jọ́nà tí ẹ mú ló ga jù nítorí pé àwọn ni èèyàn ń tọ́ka sí jù. Àwọn tó ń kọ̀wé síbẹ̀ ló ń tọ́ka sí ara wọn. Àwa náà ń tọ́ka sí ara wa, àwa la ò pọ̀. Bí ẹ bá ní kí ẹni tó ń gbé láàárín ìgboro àti ẹni tó ń gbé lẹ́yìn odi ka iye ènìyàn tó kí wọn láàárọ̀, ẹ ti mọ ẹni tó máa borí, ẹ ò sì tíì mọ ẹni tó níwà. Science & Society ti ń jáde láti 1936. Review of Radical Political Economics bẹ̀rẹ̀ ní 1969, Cambridge Journal of Economics ní 1977, Journal of Post Keynesian Economics ní 1978. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn lórí àkójọ yín. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà, tí jọ́nà wọn wà lókè téńté àkójọ náà, fún wa ní nọ́ńbà nínú ètò tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ ìwádìí: B51, fún ìlànà àwọn sósíálísì, ti Marx àti ti Sraffa. Nọ́ńbà wà lára ilẹ̀kùn ilé wa ládùúgbò wọn. Ẹ̀yin lẹ ní kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀.

Mo sì ti gbìyànjú ọ̀nà yín. Mo fi iṣẹ́ kan lórí wákàtí iṣẹ́ àti ìdá èrè ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn jọ́nà tí ẹ kọ. Ọjọ́ kẹrin ni èsì dé. Ìlà kan ni: pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà wu àwọn onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó wà lára ògiri ọ́fíìsì mi, ẹ lè yà wò ó.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà yìí ń gbé ẹ̀ka kan dé, Fásitì Notre Dame ní Amẹ́ríkà pín ẹ̀ka ọrọ̀ ajé rẹ̀ sí méjì ní 2003, ọ̀kan fún àwọn tó ń tọ ọ̀nà gbajúmọ̀, ọ̀kan fún àwọn tó kù. Ẹ̀ka tuntun ló gba ẹ̀kọ́ àwọn tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé. Èkejì ò rí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ gbà mọ́. Ní 2010 wọ́n tú èkejì náà ká. Ẹ rántí àtẹ Marx.

6. Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mi máa ka lẹ́tà yìí, ọ̀rọ̀ tiwọn náà wà lẹ́nu mi.

Ọwọ́ tiwa náà ò mọ́. Láti 1907 tí onímọ̀ ọrọ̀ ajé Bortkiewicz ti gbé ìṣirò rẹ̀ jáde, a ṣì ń jà lórí bí iye tí iṣẹ́ ń fi sára ọjà ṣe ń di iye owó. Ìjà tó lérè ni, mo ti jà á rí. Ṣùgbọ́n mo ti wọ yàrá tí èèyàn mẹ́jọ péré wà, tí mẹ́ta nínú wọn kì í kí ara wọn nítorí ìdọ́gba. Ọmọlẹ́yìn Marx á ní ti Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ò jinlẹ̀ tó. Ti Keynes á ní ti Marx ò mọ bí owó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn Veblen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà tó gbájú mọ́ àṣà àti ìṣe, á ní àwọn méjèèjì ò mọ ìṣe ẹ̀dá. Olóòtú jọ́nà tiwa fúnra wa á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí á yẹ̀ ẹ́ wò, oṣù mẹ́jọ á kọjá, ọmọ tó kọ ọ́ á ti pàdánù iṣẹ́ tó fẹ́ gbà. Ọ̀dọ́ tó bá wá sí àpérò wa pẹ̀lú ìbéèrè kékeré á gba ìwàásù ìṣẹ́jú ogún. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ń fi orúkọ heterodox bo ọ̀lẹ: ìṣirò ló le fún wọn, wọ́n ní ìlànà ni ò jẹ́ kí àwọn lò ó. Bí ẹ bá fẹ́ fi gbogbo èyí bú wa, àyè gbà yín. Ẹ má ṣá fi ti ilẹ̀kùn.

7. Ẹ ní irú nǹkan báyìí ò lè gbérí. Ó ti gbérí níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí àwọn èèyàn wà pọ̀.

Marx fúnra rẹ̀, ìdìpọ̀ kan péré ló fojú rí, ní 1867. Nígbà tó kú ní 1883, òkìtì ìwé àfọwọ́kọ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kà ló fi sílẹ̀. Engels ló jókòó tì í. Ìdìpọ̀ kẹta ò jáde àfi ní 1894. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ọwọ́ Marx pàápàá. Ẹ wá wo Paul Baran. Ó wà ní Stanford títí ó fi kú ní 1964, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan ni ọmọlẹ́yìn Marx tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró gbọin-in nínú ẹ̀ka ọrọ̀ ajé ní gbogbo Amẹ́ríkà nígbà náà. Ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò lè dá di ẹgbẹ́.

Ohun tí Fásitì Massachusetts ní Amherst ṣe ló yàtọ̀. Lẹ́yìn tí Harvard kọ̀ láti jẹ́ kí iṣẹ́ Samuel Bowles dúró, àwọn ti Amherst gba òun àti Herbert Gintis, Richard Edwards, Stephen Resnick àti Richard Wolff, àwọn márùn-ún papọ̀, ní nǹkan bí 1973 sí 1974. Àwọn márùn-ún yìí ò gbọ́ ara wọn yé tán; bí Resnick àti Wolff ṣe ń ka Marx kọ́ ni Bowles àti Gintis ṣe ń ka tiwọn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ibẹ̀ ta sánsán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ ibi tí èrò kan kù sí, ọ́fíìsì kejì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ló máa lọ.

Ní Jàpáànù lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀pọ̀ fásitì ló ń kọ́ ọrọ̀ ajé ìlànà Marx àti èyí tí wọ́n ń pè ní ti òde òní ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, Kozo Uno, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìlànà Marx níbẹ̀, sì ní ọmọlẹ́yìn tó pọ̀ tó láti di agbo èrò kan odindi. Ní Fásitì Sydney, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìjà láti àwọn ọdún 1970, kí wọ́n lè máa kọ́ ọrọ̀ ajé ní ọ̀nà mìíràn. 2008 ni wọ́n tó di ẹ̀ka tó dá dúró. (Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọn jà níbẹ̀ láwọn ọdún 1980 ni Anthony Albanese, tó di olórí ìjọba Ọsirélíà ní 2022. Mi ò sọ pé kí ẹ bẹ̀rù akẹ́kọ̀ọ́ yín o.) Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé bíi tiwa, URPE (Union for Radical Political Economics), bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1968, Conference of Socialist Economists nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1970. Frederic Lee tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun ló wà nídìí Association for Heterodox Economics ní 1999. Irinṣẹ́ ọkùnrin yẹn ò ju àpérò ọdọọdún lọ, àti ìwé kan tó to orúkọ jọ́nà àti fásitì sí, kí ọ̀dọ́ tó dá wà níbì kan lè mọ ẹni tó máa kọ̀wé sí. Iṣẹ́ akọ̀wé ni, kò dán lójú. Títí ó fi kú ní 2014, ó ń ṣe é.

8. Ohun tí à ń bèèrè rèé.

Kí ẹ dá kọ́ọ̀sì méjèèjì padà, ní àkókò tí kò ní í forí gbárí pẹ̀lú ọ̀ranyàn kankan. Èmi ì bá tilẹ̀ ní kí ìtàn èrò di ọ̀ranyàn fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, títí kan àwọn tó máa lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn nídìí Cobb-Douglas. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí wọ́n bi irinṣẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè, kò tíì mọ irinṣẹ́ náà.

Kí ẹ pa àkójọ jọ́nà tì. Bí ẹ ò bá lè pa á tì, kí ẹni méjì tó mọ ẹ̀kọ́ náà ka iṣẹ́ olùkọ́ tó ń wá ìgbéga láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó wo orúkọ jọ́nà.

Nígbà tí àyè iṣẹ́ bá tún ṣí, kí ẹ gba èèyàn méjì papọ̀ fún ìhà yìí. Ẹ má gba ẹyọ kan kí ẹ wá máa yà á sọ́tọ̀ bí àpẹẹrẹ. Bí owó ò bá tó fún méjì lọ́dún yìí, ẹ dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé méjì wà tí ìpinnu yín bá lójijì. Ọ̀kan ti kọ orí mẹ́ta. Ẹ ní kó yí àkòrí rẹ̀ padà tàbí kó wá alábòójútó mìíràn, ẹ sì mọ̀ pé kò sí òmíràn nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ láti fásitì mìíràn bá a parí rẹ̀. Èyí ò ná yín ní nǹkan kan ju ìwé àṣẹ lọ, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, torí pé ọdún ń lọ lórí ọmọ ọlọ́mọ.

A ń retí èsì yín ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó tún jókòó ìpàdé.

Ó ku ti yàrá. A ò tíì dẹ́kun ìpàdé. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, orí àtẹ̀gùn tó wà láàárín àjà kejì àti ìkẹta la jókòó sí, àwa mọ́kànlá, ìwé lórí orúnkún. Iná ibẹ̀ máa ń kú fúnra rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá mira, nítorí náà a yan ẹnì kan pé kó máa ju ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Orí kẹwàá ìdìpọ̀ kìíní ìwé Marx la wà, níbi tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ti ń jiyàn lórí ibi tí ọjọ́ iṣẹ́ parí sí. Àtẹ̀gùn náà gbòòrò. Bí ẹ bá wá, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti dáa jù.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan nínú ẹ̀ka yín